Ṣé ọlọ́pàá lè mú ènìyàn nítorí gbèsè ní Nàìjíríà?

Rárá, ọlọ́pàá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó jẹ gbèsè. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn tìtorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ló ń pe ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ẹ̀rí sì gbọdọ̀ múná débi pé iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kò ní kù. Gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì. Ẹni tó ni owó ló máa pe onígbèsè lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, adájọ́ á sì wo ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ wúwo jù. Síbẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń kọ́kọ́ sáré lọ, bí ẹni pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni láti dógò ti onígbèsè.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹni náà bá fi irọ́ gba owó, tàbí tó kọ ṣẹ́ẹ̀kì nígbà tó mọ̀ pé kò sówó ní báǹkì: ọ̀ràn nìyẹn, ọlọ́pàá sì lè mú un.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2018 ni àwọn kóòtù májísíréètì kan ti wà fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Lẹ́tà ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi béèrè owó náà lọ́wọ́ onígbèsè kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì pọn dandan kí ènìyàn gba lọ́yà.