Èsì: Ìkójọ ìtàn tó fẹ́ kógbá wọlé

Ẹ kú làálàá. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè fúnra yín kó fanfiction (ìtàn tí àwọn olólùfẹ́ ìwé tàbí fíìmù fi ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ kọ) kúrò lórí ìkójọ orí ayélujára kan tó fẹ́ kógbá wọlé, nígbà tí ẹ kò rí àwọn òǹkọ̀wé kan mọ́. Ẹ má ṣe gbé àwọn ìtàn tí òǹkọ̀wé wọn ti dàwátì yẹn síbòmíràn fúnra yín; ẹ ní kí olùtọ́jú ìkójọ náà kọ̀wé sí Open Doors, iṣẹ́ àkànṣe kan tó ń kó irú ìkójọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Archive of Our Own, ìkójọ fanfiction ńlá kan lórí ayélujára.

Àfi bí olùtọ́jú bá fọwọ́ sí i ni Open Doors tó lè kó o o. Bí òǹkọ̀wé tilẹ̀ yá ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn lò, òun ló ni ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àìrí i bá sọ̀rọ̀ kò sì sọ ọ́ di tiyín.

Ní báyìí, ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín, pẹ̀lú àkíyèsí orí ìtàn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé mìíràn ti máa ń kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tún un gbé jáde.