Ìbéèrè Yín Lórí Físíìsì: Ọta Ìbọn Nínú Ìtì Igi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ló dà mí láàmú. Wọ́n yin ọta ìbọn tó wọn gíráàmù 10 sínú ìtì igi tí wọ́n fi okùn so rọ̀. Igi náà wọn kílò 1.99. Ọta há sínú igi, àwọn méjèèjì jọ fì, wọ́n sì fi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i kí wọ́n tó dúró. Wọ́n ní ká wá eré tí ọta ń sá kó tó kan igi. Níwọ̀n bí agbára kì í ti í ṣòfò, mo fi ½mv² (agbára eré) ti ọta dọ́gba pẹ̀lú mgh (agbára gíga) ti àwọn méjèèjì, mo sì rí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Olùkọ́ wa fagi lé e. Kí ló dé? (Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Kọ́kọ́ wo ohun tí ìṣirò rẹ mú jáde. Mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan. Eré ọkọ̀ ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nìyẹn. Tí ìdáhùn bá sọ pé ọkọ̀ lè bá ọta ìbọn dọ́gba eré, ó yẹ kí ara fu ọ kó o tó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ìwọ sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ọta kan igi títí tó fi há. Èkejì ni ìgbà tí wọ́n jọ fì lọ sókè. Òfin tó ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀kan yóò ṣì ọ́ lọ́nà nínú èkejì.

Nígbà tí ọta ń wọlé, igi ń fà ya, ọta ń gbóná, ìró ń dún. Inú agbára eré ọta ni gbogbo ìyẹn ti ń jáde. Òótọ́ ni pé agbára kì í ṣòfò, ṣùgbọ́n ½mv² nìkan kọ́ ni agbára: ó lè di ooru, kó má sì padà di eré mọ́. Mọ̀mẹ́ńtọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n nǹkan ní ìlọ́po eré rẹ̀, kò ní irú ibi bẹ́ẹ̀ tó lè sá sí. Bí ọta ṣe ń ti igi síwájú ni igi ń ti ọta sẹ́yìn, ipá kan náà, àkókò kan náà. Ohun tí ọta pàdánù gẹ́lẹ́ ni igi gbà, igi ì báà ya, kó má ya.

Ṣé okùn àti òòfà ilẹ̀ kò wá dá sí i ni? Ká ní ọta wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 10 kó tó há. Nǹkan bí 0.0005 ìṣẹ́jú àáyá ló gbà á. Láàárín ìgbà yẹn, igi kò tíì sún ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Okùn ṣì wà lóòró, òòfà ilẹ̀ náà ń fà á lóòró. Kò sí èyí tó tì í síwájú tàbí sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n bá wá ń fì, ọ̀rọ̀ yí padà. Mọ̀mẹ́ńtọ̀mù ń dín kù títí yóò fi di òdo lókè, nítorí òòfà ilẹ̀ àti okùn ti dá sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ya níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí igi ń gbà lọ ni okùn ń fà sí ní gbogbo ìgbà, kò fi agbára kún un, kò mú kúrò. Ibí yìí ni mgh ti wúlò.

Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ẹ̀yìn. Fi g, ìyẹn ìwọ̀n òòfà ilẹ̀, sí 10. Ní fífì, ½mv² dọ́gba pẹ̀lú mgh, nítorí náà v = √(2 × 10 × 0.2) = 2, ìyẹn eré igi àti ọta lẹ́yìn tó há. Lẹ́yìn náà, mọ̀mẹ́ńtọ̀mù ṣáájú kí ọta tó há dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀yìn rẹ̀: 0.01 × u = 2.00 × 2, u, ìyẹn eré ọta kó tó kan igi, sì jẹ́ mítà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta wá pẹ̀lú joule 800 (joule la fi ń wọn agbára). Joule 4 péré ló kù tó gbé igi sókè. Joule 796 ni o gbàgbé.

Benjamin Robins, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1742, nígbà tí kò sí aago tó lè ka eré ọta. Kì í fi ojú wo gíga tí igi fì dé, nítorí gíga náà kéré. Ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn nísàlẹ̀, bí igi bá ti ń fì ni ríbọ́ọ̀nù ń yọ jáde, òun a sì wọn gígùn rẹ̀. Tí okùn bá gùn ní L, tí ríbọ́ọ̀nù sì yọ ní c, gíga jẹ́ c² pín sí 2L. Fún okùn mítà 1, ríbọ́ọ̀nù sẹ̀ǹtímítà 63 yóò fún ọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 yẹn. Nígbà tí Robins gbé ìbọn jìnnà sí igi, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ń dín eré ọta kù ju bí àwọn onímọ̀ ìgbà náà ṣe rò lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń fi tírọ́lì méjì, kílò 1 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀kan ń lọ kọlu èkejì tó dúró, abẹ́rẹ́ àti kọ́ọ̀kì ló sì ń mú wọn lẹ̀ mọ́ra. Lórí tépù ticker-timer (ẹ̀rọ oníná tó ń tẹ àmì sórí tépù tí tírọ́lì ń fà, ní àkókò tó dọ́gba), àlàfo 10 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 ṣáájú ìkọlù. Lẹ́yìn rẹ̀ ó jẹ́ 5.1 dípò 6. Ṣé jẹnẹrétọ̀ wa tó ń fún ẹ̀rọ náà níná ló ń ṣe é? (Olùkọ́ físíìsì, Ọ̀ṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi. Bí kò tilẹ̀ fún yín ní àmì 50 gẹ́lẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ kan náà ló ka ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì pa ara rẹ̀ rẹ́, àfi tó bá ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ láàárín eré kan náà.

Ẹ wo tépù náà dáadáa. Tí àlàfo bá ti ń sún mọ́ra kí ìkọlù tó ṣẹlẹ̀, fríṣọ̀n ni, ìyẹn ìfarakínra tó ń dín eré kù. Ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ gbé pákó tí tírọ́lì ń rìn lórí rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ níbi tí tírọ́lì ti ń gbéra, títí tírọ́lì tí ẹ rọra tì yóò fi máa tẹ àlàfo tó dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tépù gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, torí ẹ̀rọ náà ń fa tépù sẹ́yìn. Ẹ dán tírọ́lì kejì wò bákan náà. Ó lè jẹ́ táyà tirẹ̀ ló le. Tó bá ń yí lọ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tì í, ẹ ti gbé pákó ga jù.

Ẹ fo àlàfo kan tàbí méjì tí ìkọlù bọ́ sí, kí ẹ ka 10 tó tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe ti ìparí tépù. Ẹ sì rí i dájú pé abẹ́rẹ́ wọ àárín kọ́ọ̀kì. Tó bá gba ẹ̀gbẹ́, tírọ́lì á yẹ̀, táyà á sì máa ha etí pákó.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún nígbà tí ẹ bá ń máàkì. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, joule 0.18 yóò di 0.09. Ìdajì agbára eré ti di ooru àti ìró. Ọmọ tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fagi lé e.

ÌBÉÈRÈ: Bọ́ọ̀lù kan ògiri, ó padà pẹ̀lú eré kan náà. Mọ̀mẹ́ńtọ̀mù rẹ̀ yí padà pátápátá. Ṣé òfin pé mọ̀mẹ́ńtọ̀mù kì í ṣòfò ha já bí? (Òǹkàwé, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Kò já. Ẹ ò ka ògiri mọ́ ọn ni, ògiri sì dúró lórí ilẹ̀ ayé. Bọ́ọ̀lù kílò 0.4 tó ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní mọ̀mẹ́ńtọ̀mù 4 nígbà tó ń lọ, ó di −4 nígbà tó ń bọ̀. Ayé ló gba 8 tó kù. Ayé wọn nǹkan bíi kílò 6 × 10²⁴, nítorí náà eré tí 8 yẹn fún un kò tó 2 × 10⁻²⁴ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.