Fọ́tò etí ọ̀sà Àgbádárìgì: kí ló dé tí ojú ọ̀run ń funfun báláú?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ ya fọ́tò létí ọ̀sà ní Màrínà, Àgbádárìgì. Bí igi àgbọn àti ọkọ̀ apẹja bá hàn dáadáa, ojú ọ̀run á funfun báláú. Bí ojú ọ̀run bá sì dára, gbogbo ìyókù á ṣókùnkùn biribiri. Ibẹ̀ rẹwà lójú, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ó máa ń ṣófo. Fóònù ni mo ń lò, ẹnì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yá mi ní kámẹ́rà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o káre. Ojú wa lè rí àwọ̀ sánmà, kó sì tún rí èèpo igi tó wà ní ìbòòji lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára kámẹ́rà kì í gbé méjèèjì nígbà tí oòrùn bá wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kó o tó tẹ ohunkóhun, bi ara rẹ pé: kí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá wo fọ́tò yìí kọ́kọ́ rí? Èsì yẹn ló máa sọ ibi tí wàá dúró sí, òun náà ló máa sọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wàá gbà.

Ká ní ọkọ̀ apẹja ni. Jẹ́ kó dúdú. Kò sí àbùkù nínú apẹja tó dúdú lórí omi tó ń dán, bó bá ṣáà ti dá hàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á lóṣòó sétí omi, orí apẹja á wá wọnú ìlà dúdú etí ilẹ̀ Gbẹrẹfú lódìkejì, a ò ní mọ ènìyàn yàtọ̀ sí igbó mọ́. Gun ibi tó ga díẹ̀, kí omi tó ń dán lè yí ọkọ̀ náà ká, kó o sì fi àyè sílẹ̀ níbi tó dorí kọ.

Lórí fóònù, fi ìka tẹ ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, má gbé ìka náà títí yóò fi tì pa, lẹ́yìn náà kó o fa àmì oòrùn kékeré yẹn wálẹ̀. Lórí kámẹ́rà, fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, kó o sì fi bọ́tìnnì +/− dín ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kù sí −1 tàbí −2. Ibi tó bá ti funfun pátápátá nínú fọ́tò, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè rí fà yọ níbẹ̀ mọ́. Ibi tó ṣókùnkùn ṣì máa ń ní nǹkan nínú, pàápàá tó o bá yà á ní RAW (fáìlì tó ń pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí mọ́).

Bó bá jẹ́ igi àgbọn tàbí àwọn ilé lo fẹ́, kẹ̀yìn sí oòrùn. Etí omi Màrínà kọjú sí gúúsù. Ní Oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ díẹ̀ sí apá gúúsù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì kan ara àwọn ilé tó kọjú sómi. Ní Oṣù Kẹfà, apá àríwá ló ń wọ̀ sí, iwájú wọn á wà ní ìbòòji.

Àwọn kan máa ń ya fọ́tò mẹ́ta (èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, èyí tó ṣókùnkùn ní −2, àti èyí tó mọ́lẹ̀ ní +2), wọ́n á sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ètò tí wọ́n ń pè ní HDR lórí fóònù ń ṣe irú rẹ̀. Ó dára fún igi àti ilé. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń rìn, torí ó máa ń di méjì-méjì.

Ní ti ṣíṣófo, mo fura pé ìlà tí omi àti ọ̀run ti pàdé lo máa ń fi sáàárín. Bí sánmà bá ní ìkùukùu tó lárinrin, fún un ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí kò bá ní, dín àyè sánmà kù, kí àwọ̀n tí wọ́n sá tàbí igi àgbọn tó tẹ̀ wà nítòsí rẹ nínú fọ́tò. Kí ìlà náà má sì dagun.

Má tètè relé tí oòrùn bá wọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú 20, ìmọ́lẹ̀ ọ̀run àti ti ilẹ̀ á súnmọ́ra, fọ́tò kan ṣoṣo á lè gba méjèèjì. Gbé kámẹ́rà lé tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta) tàbí orí ògiri, kó o lo timer ìṣẹ́jú-àáyá 2, tí kámẹ́rà á fi dúró díẹ̀ kó tó yà á, kí ọwọ́ rẹ má bàa mì ín.