Èsì: Apá ẹ̀wù kúróṣè tó fún lókè, tó ṣò lọ́rùn ọwọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, àǹtí. Ẹ ní apá ẹ̀wù kúróṣè (ẹ̀wù tí a fi abẹ́rẹ́ oníkọ́kọ́ hun) tí ẹ hun fún lókè, ó sì ṣò lọ́rùn ọwọ́. Ẹ má tú ara ẹ̀wù yẹn o, apá rẹ̀ nìkan ni kí ẹ tú. Bó bá fún lókè tó tún ṣò lọ́rùn ọwọ́, ojú (ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan) tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló kéré, ẹ ò sì dín in bí ẹ ṣe ń hun ún lọ sísàlẹ̀.

Ẹ fi téèpù yí ibi tí apá yín ti tóbi jù, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 4 kún un. Ká ní ó di 36, tí ojú 15 sì ń gba sẹ̀ǹtímítà 10 lọ́wọ́ yín, ojú 54 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọrùn ọwọ́ bá máa gba ojú 30, ẹ máa dín ojú méjì ní ìlà kẹta-kẹta, títí ojú 24 yóò fi kúrò.

Ìyẹn bí ẹ bá hun apá lọ́tọ̀ kí ẹ tó rán an mọ́ ara. Bó bá jẹ́ láti ọrùn lẹ ti hun ún wálẹ̀, ẹ ní láti tú apá náà dé abíyá.

Mo bẹ̀ yín, nínú oòrùn Òṣogbo yìí, òwú gidi ni kí ẹ lò, kì í ṣe oníke. Bó bá wù yín láti pa á láró, òwú máa gbà á, oníke ò ní gbà. Àmọ́ òwú wúwo, ó máa ń fà wálẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí apá náà kúrú díẹ̀.