Ìyá onílé Súrùlérè, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé yẹn

Ìbéèrè: Bàbá mi fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sílẹ̀ fún mi ní Súrùlérè. Fláàtì mẹ́fà ni, ₦1,500,000 lọ́dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ń ta gáàsì ìdáná nísàlẹ̀. Ẹni tó mú ìnṣọ́ránsì wá kọ ọ́ pé ilé náà tó mílíọ̀nù 60, kí n máa san ₦90,000 lọ́dún. Àbúrò mi sọ pé owó tí mo fẹ́ dà sọ́sà ni. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, mà. Ẹ san án, àmọ́ kì í ṣe lórí mílíọ̀nù 60. Ẹ pe ẹni tó mọ owó ilé kíkọ́ kó ṣírò ohun tí ẹ máa ná lónìí láti tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ dé páànù, pẹ̀lú owó kíkó àwókù. Ẹ yọ owó ilẹ̀ kúrò. Iná kì í jó ilẹ̀.

Ká ní ó jẹ́ mílíọ̀nù 180, tí ẹ sì kọ 60 sínú ìwé. Bí iná kíṣìnì bá ba nǹkan mílíọ̀nù 12 jẹ́, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì á ní ìdá kan nínú mẹ́ta ilé lẹ san owó lé lórí, mílíọ̀nù 4 ni wọn á sì fún yín. Ibí yìí lọ̀pọ̀ onílé ti ń pariwo olè, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Tí ẹ bá kọ iye tó péye, ₦270,000 lẹ máa san lọ́dún, bí owó oṣù méjì lé díẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé kan ṣoṣo.

Gáàsì yẹn ńkọ́? Bí ìwé bá ní "ibùgbé nìkan", tí sílíńdà wá bú gbàmù, wọ́n lè máà san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bí owó bá tilẹ̀ lé sí i, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kó o kúrò.

Ìwé ìnṣọ́ránsì iná lásán kì í sábà kó omíyalé, ìjì, páìpù tó bẹ́ tàbí ilé wíwó mọ́ra. Ẹ ní kí wọ́n fi kún un, pẹ̀lú owó ilé tó máa dúró lásìkò àtúnṣe. Ẹrù ayálégbé kò sí níbẹ̀.

Ẹ sọ fún àbúrò yín pé láti 2003 ni òfin ti ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì.

Àkáǹtì iléeṣẹ́ ni kí owó wọ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó mú ìwé wá. Bí ẹ kò bá tíì san owó, ìnṣọ́ránsì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó san án, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, mítà àti òrùlé, kí ẹ sì tọ́jú wọn síbi tí kì í ṣe inú ilé náà.