Owó tó wà lára ọjà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbà ní káńtà: ṣé ìjọba lè dá sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, òfin wà lẹ́yìn yín. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2018 ló gbé e kalẹ̀, Ààrẹ Buhari sì buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní 2019. Ẹ̀ka 115 nínú rẹ̀ sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fi iye ọjà hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ síbẹ̀ lọ.

Wọ́n ń lo òfin náà o. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ yìí ti ilé ìtajà ńlá kan pa l'Ábùjá, torí iye tó wà lórí pẹpẹ kéré sí èyí tó ń jáde nínú rìsíìtì. Ìwà yẹn máa ń dùn mí gan-an. Ẹni tó kó ìrẹsì, òróró àti mílíìkì sínú báàgì, tí èrò tò sẹ́yìn rẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè yẹ rìsíìtì wò?

Ẹ ya fọ́tò iye tó wà lórí pẹpẹ, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì yín. Ẹ kọ́kọ́ bá máníjà sọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá dá owó tó lé padà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí ìkànnì FCCPC, kí ẹ fi ẹjọ́ wọn sùn. Ẹ má rò pé owó náà kéré jù.