Èsì: Bakitéríà ojú àti oògùn tí o fẹ́ máa kán láràárọ̀

Okun o, àbúrò. O bèèrè bóyá kí o máa kán chloramphenicol, oògùn ojú tó ń pa bakitéríà, láràárọ̀ torí o gbọ́ pé bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, ń gbé nínú ojú. Rárá, má ṣe é. Bí ojú ò bá ti pọ́n, tí kò dùn ọ́, tí ipin rẹ̀ ò sì ju ti ìdájí lọ, fi í sílẹ̀.

Omijé fúnra rẹ̀ ní èròjà tó ń pa kòkòrò, ìdí nìyẹn tí bakitéríà ojú ò fi pọ̀ tó ti awọ ara. Àwọn tó kù níbẹ̀, òmíràn ń ṣọ́lé. Ní 2017, Rachel Caspi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Eye Institute, Amẹ́ríkà, rí i lára eku pé bakitéríà ojú kan tó ń jẹ́ Corynebacterium mastitidis máa ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí. Nígbà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò lé e kúrò, olú wuuru (fungus) kan tó ń jẹ́ Candida ráyè ṣe ojú eku náà léṣe. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn, ṣùgbọ́n ó tó ronú lé.

Ti eruku ọyẹ́ ní Kàbà tó ń yún ọ lójú, fọ ọwọ́, fi omi tó mọ́ bọ́jú, má fi ọwọ́ ra á.

Bí ojú bá ń ṣọyún, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta ọ́, tàbí tí o ò ríran dáadáa, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgò oògùn ojú tó wà lórí fèrèsé yín, tí gbogbo ilé ń pín lò yẹn ńkọ́? Dà á nù. Bí a bá ti ṣí i, ọjọ́ 28 ló mọ.